Ọ̀wẹ̀ Tí Wọn Ò Pè Mí Sí ní Òkukù

Ìwọ tó jókòó pẹ̀sẹ̀ tí ò ń ka èyí, jẹ́ n bi ọ́ ná: ṣé wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù ọ́ rí nítorí ọmọbìnrin kan tí o ò mọ orúkọ ẹ̀, tí o ò tilẹ̀ wo ojú ẹ̀, àmọ́ tí o ti jẹ iyán ilé bàbá ẹ̀ tán láìku òkèlè kan?

Kò tíì ṣe ọ́ rí? Èmi ló ṣe! Ẹ fara balẹ̀ kí n rò ó fún yín. Ẹ lè rẹ́rìn-ín, n ò ní bínú. Èmi fúnra mi ti fi ara mi rẹ́rìn-ín títí ó fi sú mi.

Ẹ̀yin tá a jọ jáde ilé ìwé n'Ìkìrun ti gbọ́ pé mo ríṣẹ́ nídìí mọ́tò sinimá, èyí tó ń gbé sinimá ọ̀fẹ́ kiri ìlú. Bí mo ṣe ń rìn ládùúgbò wa lẹ́yìn tí mo ríṣẹ́ ọ̀hún, ẹ ó rò pé èmi ni mo ni mọ́tò náà. Kí wá ni iṣẹ́ mi gan-an? Mò ń ta aṣọ funfun mọ́ igi, mò ń fa wáyà, mo sì ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí ẹ́ńjìnì. Ọ̀gá àwọn ewúrẹ́ nìyẹn!

Ìnísà la kọ́kọ́ lọ. Nínú iṣẹ́ tiwa, ọ̀sán ò ní nǹkan kan nínú, torí sinimá ò ṣeé wò nínú oòrùn. Kí ni mo fi ọ̀sán ṣe ní Ìnísà? Mo jókòó sínú mọ́tò, mo ti ilẹ̀kùn pa, mò ń làágùn. Ẹ̀rù ìlú onílùú ń bà mí! Ìyá mi ti kìlọ̀ fún mi pé tí mo bá dé ìlú tí n ò mọ̀, n ò gbọdọ̀ jẹun ẹnikẹ́ni. Ẹ sì wá wo ìlú òkèèrè tí à ń wí o: Ìkìrun sí Ìnísà, èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn ín lọ kó tún rìn ín bọ̀ kí ọbẹ̀ tó tutù.

Ọ̀gá mi, ìyẹn dírẹ́bà wa, fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Wọ́n ní ṣé adìyẹ tó ń sàba ni mí ni? Nígbà tá a dé Òkukù lọ́jọ́ kejì, wọ́n lé mi sílẹ̀ nínú mọ́tò. Wọ́n ní kí n lọ wo ìlú, kí n kí èèyàn, kí n wá nǹkan gidi kan ṣe, kí n sáà padà kí oòrùn tó rọlẹ̀.

Ọlọ́gbọ́n á lọ wo ọjà. Á lọ dúró ní téṣàn rélùwéè kó wo àwọn tó ń wọ ọkọ̀ ojú irin, á sì máa jẹ ẹ̀pà. Èmi ńkọ́? Mò ń rìn lọ bí ẹni tí wọ́n ń lé, títí mo fi dé ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì kan, ni mo bá rí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n ń po amọ̀, tí wọ́n ń mọ ògiri. Ọkàn mi balẹ̀ wọ̀ọ̀! Ṣé ẹ mọ̀ pé n'Ìkìrun, àwa ọ̀dọ́ ìjọ la mọ ilé tíṣà ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mo ní háà, iṣẹ́ Olúwa rèé. Ta ló ń bi èèyàn pé níbo ló ti wá nídìí iṣẹ́ Olúwa?

Mo kí wọn kú iṣẹ́, mo bọ́ bàtà, mo ká ṣòkòtò kàkí mi sókè, mo bẹ́ sínú amọ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ṣiṣẹ́! Gbogbo ẹ̀rù tó ń bà mí ni mo sọ dagbára. Mò ń bu amọ̀, mò ń ṣù ú ní roboto, mò ń jù ú sókè fún àwọn tó wà lórí ògiri. Mo tún ń dá orin ìjọ. Ẹnikẹ́ni ò gbè é. Ó yẹ kí nǹkan ti yé mi níbẹ̀ yẹn, àbí? Kò yé mi. Mo tún gbé ohùn sókè sí i.

Bàbá kan jókòó lábẹ́ igi, wọ́n ń wò mí, wọ́n ń mi orí. Nígbà tí oúnjẹ dé, àwọn òṣìṣẹ́ yòókù jókòó yí ọpọ́n ká. Bàbá ní kí èmi wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn. Ọmọbìnrin kan gbé iyán wá, ó kúnlẹ̀, ó gbé e síwájú mi. Ẹran orí ọbẹ̀ yẹn tó àtẹ́lẹwọ́ mi! Ìkìlọ̀ ìyá mi? Mo gbé e mì pọ̀ mọ́ òkèlè àkọ́kọ́.

Mò ń fi ìka nu àwo lọ́wọ́ ni Bàbá kọjú sí ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́, géńdé kan tó ní apá bí ọmọ odó. Wọ́n ní, "Àjàní, ọ̀rẹ́ rẹ yìí mà ń ṣiṣẹ́ o! Níbo lo ti rí i?"

Àjàní dìde. "Ọ̀rẹ́ mi kẹ̀, Bàbá? N ò mọ̀ ọ́n rí o. Mo rò pé ẹ̀yin lẹ ní kó wá."

Gbogbo wọn kọjú sí mi.

Mo rọra bi ẹni tó jókòó nítòsí mi pé ṣé ilé tíṣà kọ́ là ń mọ ni. Ó wò mí bí ìgbà tí èèyàn ń wo aṣiwèrè. Ó ní tíṣà wo? Ọ̀wẹ̀ àna ni! Àjàní ló kó àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ wá láti mọ yàrá fún bàbá àfẹ́sọ́nà ẹ̀. Bàbá tó wà níbẹ̀ yẹn gan-an ni bàbá Àbẹ̀kẹ́.

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ta ló ń dá wá síbi ọ̀wẹ̀ àna, tí kì í ṣe ẹgbẹ́ ọkọ, tó wá ń ṣiṣẹ́ ju ọkọ lọ lójú bàbá ìyàwó? Ẹni tó fẹ́ gba ìyàwó ni!

Àjàní ò tiẹ̀ wo èmi mọ́. Bàbá ló kọjú sí. Ó ní látìgbà tóun ti ń sin àna, tí Àbẹ̀kẹ́ bá ti gbúròó òun, ńṣe ló máa ń sá wọ yàrá, torí pé ojú ń tì í fún àfẹ́sọ́nà ẹ̀. Òun ò jẹ iyán ọwọ́ ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n lónìí, ó kúnlẹ̀ fún akọ̀wé oníkàkí níṣojú òun! Tó bá jẹ́ akọ̀wé ni wọ́n ti wá ń fẹ́, kí wọ́n sọ, kóun kó àwọn èèyàn òun máa lọ. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ dìde, ọkọ́ lọ́wọ́.

Bàbá náà gbaná jẹ. Wọ́n ní ṣé alábòsí ni Àjàní ń pe àwọn ni? Bẹ́ẹ̀ ni mò ń gbọ́ ẹkún nínú ilé. Àbẹ̀kẹ́ ni. Ìyá ẹ̀ ń bi í pé níbo ló ti mọ̀ mí, ó sì ń búra pé òun ò mọ̀ mí rí.

Ìgbà yẹn gan-an lẹ̀rù tòótọ́ wá bà mí. Tí wọ́n bá lù mí, kò burú, ara mi ti mọ pàṣán tíṣà. Ṣùgbọ́n kí ìgbéyàwó ọmọ ọlọ́mọ dàrú, torí pé èmi ń wá ohun tí màá fi ọ̀sán ṣe?

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú amọ̀. Mo ní ẹ forí jì mí o, ọmọ Ìkìrun ni mí, mọ́tò sinimá ni mo bá wá, ilé tíṣà ni mo pè é! Àjàní ní, "Irọ́! Ta ló ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn lọ́fẹ̀ẹ́ nílùú tí ò ti mọ ẹnìkan?" Ká sòótọ́, tó bá jẹ́ èmi ni Àjàní, n ò ní gba ara mi gbọ́.

Ni ìyá Bàbá, ìyá àgbà tó ti hunjọ, bá yọ sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní kí gbogbo wa pa ẹnu mọ́. Wọ́n ní kí àwọn obìnrin ilé jáde wá, kí wọ́n tò. Wọ́n wá kọjú sí mi: "Ọmọ Ìkìrun, dìde níbẹ̀. Èwo nínú wọn ló gbé iyán fún ọ?"

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Ẹ̀yin ará, n ò mọ̀ ọ́n! Nígbà tó kúnlẹ̀, ẹran ni mò ń wò! Mo lè júwe ẹran yẹn fún yín títí dòní, àti ọ̀rá ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Ojú ọmọ? N ò rí i.

Mo sáà nawọ́ sí ẹnìkan.

"Ṣé ó dá ọ lójú?" Ìyá àgbà bi mí.

Mo ní ó dá mi lójú dáadáa mà.

Obìnrin tí mo nawọ́ sí fọwọ́ di ikùn ẹ̀ mú, ó bú sẹ́rìn-ín. Oyún inú ẹ̀ ti ga débi pé kò lè kúnlẹ̀ fún ọba pàápàá. Ìyàwó àbúrò Bàbá ni!

Ilé dàrú! Ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ Àjàní sọ ọkọ́ nù, ó ń yí nílẹ̀. Ìyá àgbà ní, "Àjàní, ṣé orogún rẹ lo rí yẹn? Iyán ló wá fẹ́!"

Ọ̀kan nínú àwọn tó tò síbẹ̀ ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omijé lójú. Àbẹ̀kẹ́ nìyẹn, ìgbà yẹn ni mo tó rí i. Ó gbàgbé láti sá! Àjàní dúró, ó ń wò ó, ẹnu ẹ̀ ṣí sílẹ̀ bíi ti ọmọdé níwájú sinimá. Ojú wọn pàdé. Ló bá bo ojú, ó sáré wọlé, àmọ́ kò sáré púpọ̀.

Àjàní wá bá mi. Ó ní iyán àna kì í lọ lásán, ògiri tó kù, èmi ni màá bu amọ̀ ẹ̀. Mo bù ú! Ọ̀gá mi bi mí nígbà tí mo dé pé ṣé mo wo ìlú. Mo ní mo wọnú ẹ̀ dé ọrùn, sà.

Ẹ gbọ́ tèmi o: tí iṣẹ́ bá gbé yín dé ìlú tí ẹ ò mọ̀, ẹ má ti ara yín mọ́ mọ́tò. Ẹ jáde, ẹ kí èèyàn. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ti ẹsẹ̀ bọ amọ̀ ẹni ẹlẹ́ni, ẹ bèèrè ẹni tó niṣẹ́. Tí wọ́n bá sì gbé oúnjẹ fún yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ojú ẹni tó gbé e wá kí ẹ tó wo ẹran!

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Kí lẹ fi ọ̀sán ṣe nílùú onílùú tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kó bá yín? Ẹ má fi èmi nìkan sílẹ̀ nínú ìtìjú yìí. Ẹ sọ tiyín, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ máa ń ṣe bí ẹni pé ojú yín là, mo mọ̀ pé ẹ̀yin gan-an lẹ...

Yéè, Ọ̀gá ń fọn fèrè mọ́tò! Wọ́n ní tí n ò bá gòkè báyìí, ẹsẹ̀ ni màá fi bá àwọn. Mò ń bọ̀, sà!