Ìdáhùn Karùn-ún Lójú Pátákó

"Mà, ṣé ẹ ti ṣi ìṣirò rí?"

Mardiyah ló bi í ní kíláàsì àṣekágbá, ní Ìkòròdú, kò sì sí àfojúdi nínú ohùn rẹ̀. Ìyáàfin Fàlílátù Ògúnsànyà, tó ti ń kọ́ni ní ìṣirò láti ìgbà tí ìyá àwọn ọmọ wọ̀nyí ṣì wà lọ́mọge, wò ó láti òkè dé ilẹ̀.

"Bóyá kí wọ́n tó sọ mí lórúkọ."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Inú tíṣà náà dùn. Kò kọ́lé, kò ra mọ́tò, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè na ìka àbùkù sí iṣẹ́ rẹ̀. Bí àwọn tíṣà kan bá ń gba ẹ̀gúnjẹ nígbà ìdánwò, òun kì í bá wọn jókòó.

Ọjọ́ ìdánwò àṣejáde, alábòójútó tí wọ́n rán wá láti òde jáde lọ jẹun. Ọ̀gá ilé ìwé, Ọ̀gbẹ́ni Adéòjó, wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

"Màdáàmù, ẹ bá wa kọ ìdáhùn sí pátákó."

"Èmi kẹ̀? Ẹ wá ẹlòmíràn."

"Tí wọ́n bá fìdí rẹmi, ta ni wọ́n máa ní kò mọ̀ ọ́n kọ́? Èmi ni, àbí ẹ̀yin?"

Owó kò tẹ̀ ẹ́ rí. Ọ̀rọ̀ yìí tẹ̀ ẹ́. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó ń kánjú, etí rẹ̀ wà lóde. Ní ìbéèrè karùn-ún, ibi tó yẹ kó ti ṣe àròpọ̀, àyọkúrò ló ṣe, kò sì mọ̀. Nígbà tó yíjú padà, ó rí Mardiyah níwájú. Ọmọ náà ti ṣe tirẹ̀ tán. Ó wo pátákó, ó wo ìwé ara rẹ̀, ó wo ojú tíṣà rẹ̀. Ó wá fa igi lé iṣẹ́ tirẹ̀, ó da ti pátákó kọ.

Ìgbà yẹn ni tíṣà náà rí àṣìṣe ara rẹ̀. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ dún lóde. Ó nu pátákó.

Èsì kò jáde. Gbogbo wọn ló ṣi ìbéèrè kan náà lọ́nà kan náà, àwọn tó ni ìdánwò sì ní kí ilé ìwé wá ẹni tó fún wọn ní ìdáhùn. Ìwé Mardiyah nìkan ló ní igi lórí. Wọ́n ní òun ló kọ́kọ́ ṣe é tó tún un kọ, kí àwọn yòókù tó dà á kọ: ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Adéòjó, tó ti kìlọ̀ fún àwọn yòókù kí wọ́n má dárúkọ pátákó, pè é sí ọ́fíìsì.

"Ìwọ lo fi ìdáhùn hàn wọ́n?"

Ọmọ náà yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Tíṣà rẹ̀ tó jókòó lẹ́bàá fèrèsé ló ń wò, ó ń retí rẹ̀. Gbólóhùn kan péré ló máa gba ọmọ náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún tó ń bọ̀ ni Ìyáàfin Ògúnsànyà máa fẹ̀yìntì, wọ́n sì ti ń sọ pé orúkọ rẹ̀ ni wọn óò fi sọ gbọ̀ngàn tuntun. Ó wolẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," Mardiyah wí. "Èmi ni."

Wọ́n tú èsì àwọn yòókù sílẹ̀. Wọ́n fagi lé tirẹ̀.

Lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì, tíṣà náà padà sí ilé bàbá rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Ní Ọjà Olúwo, ó máa ń yà fún ìsọ̀ Ṣẹ̀rífátù, ìyá Mardiyah, tó fi ọmọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Ìkòròdú nítorí ìwé. Lọ́jọ́ kan, obìnrin náà rí i.

"Tíṣà! Ẹ wá ń sáré kọjá bí ẹni tí ajá ń lé?"

"Oòrùn ni, Ìyá Mardiyah."

"Ọmọ yín wà ní Agbowa, ó ń bá wọn ṣe gàrí. Ó ní kí n máa kí yín. Mo mà lù ú o! Mo ní ó dójú tì yín." Ó di ẹja àrọ̀ yíyan sínú náílọ́ọ̀nù. "Ẹ má fọwọ́ kan pọ́ọ̀sì. Èmi ni mo jẹ yín ní gbèsè."

Òótọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ dé ẹ̀yìn eyín Ìyáàfin Ògúnsànyà. Ó dúró síbẹ̀. Tíṣà gba ẹja náà.

"Ọlọ́run á bá mi san án," ó wí, ó sì kọrí síbi tí wọ́n ti ń wọkọ̀.