Màmá Nedra àti Òpó Tí Wọ́n Wó Ṣáájú Àkókò

Àwọn tó ń sọ ìtàn yìí nílé ìgẹrun máa ń ní Nedra Kubicek nìkan ló gbé òpó góòlù náà dìde. Kò rí bẹ́ẹ̀. Olóògbé náà kò fọwọ́ kan òpó kankan lọ́jọ́ náà. Ẹnu ló fi ṣiṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀.

Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Eré bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sá, tó kẹ́yìn ọdún ni, kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ní Platte Fork ń bá Brannock gbá a nínú òtútù. Àkókò eré ti parí tán nígbà tí ọmọ wa kan gbá bọ́ọ̀lù mọ́ àyà, tó já gbogbo ọwọ́ tó dì í mú, tó sì ṣubú lulẹ̀ ní òdìkejì ìlà wọn. Ìyẹn jẹ́ ayò fún wa, ayò wá dọ́gba. Ó wá ku ìgbá kan ṣoṣo tí òfin eré fún wa: kí Lumir Vavra fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù gba àárín òpó kọjá, kí a borí. Ṣùgbọ́n ní ìlú wa, bí a bá borí Brannock, òpó góòlù là ń wó, a ó sì rù ú gba ìgboro lọ sódò. Ó ti pẹ́ tí a ti borí wọn gbẹ̀yìn, ọwọ́ ti ń yún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ya wọ pápá, wọ́n wó òpó lulẹ̀. Òpó náà gan-an ni ìgbá tó kù fẹ́ gbà kọjá.

"Kò sí òpó, kò sí ìgbá," ni rẹfirí wí. "Ọwọ́ ara yín lẹ fi ṣe é. Ọ̀mì ni."

Màmá Nedra ti dé iwájú rẹ̀, ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́.

"Ọ̀gá mi, ẹ fún wa ní wákàtí kan."

"Màmá, ẹ kúrò lórí pápá."

"Ó dáa, ìdajì wákàtí."

"Mo ní rárá!"

"Ẹ má bínú. Ìyá yín ńkọ́? Ṣé ara wọn le? Ẹ mú ogún ìṣẹ́jú wá."

"Ìṣẹ́jú kan péré, mi ò ní fi kún un!"

"Mo gbà. Ẹ wẹ̀yìn wò."

Rẹfirí wẹ̀yìn wò. Òpó ti dìde. Gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ń ná ọjà, àwọn tó wó o ti ń gbé e nà ró lẹ́yìn rẹ̀.

Kì í ṣe eré ló ń ṣe o. Katakata àlòkù ni Màmá Nedra ń tà, kò sì sí ohun tí kì í ná, títí kan ìwàásù pásítọ̀. Lọ́dún tó ṣáájú, ẹgbẹ́ wa kò borí ẹnikẹ́ni, ni Dókítà Thorsen, ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì, bá ní òun yóò tú ẹgbẹ́ náà ká. Màmá Nedra gbé katakata dí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀, ó wọlé.

"Ọkọ̀ ojú irin ò dúró níbí mọ́," ni ó wí. "Sátidé nìkan la ṣì jọ ń pariwo pọ̀. Ẹ fún àwọn ọmọ ní ọdún márùn-ún."

"Màmá, ẹgbẹ́ ti kú."

"Ọdún mẹ́ta."

"Kò ṣeé ṣe."

"Ẹ jẹ́ n jókòó, ẹsẹ̀ ń dùn mí."

Ó jókòó títí oúnjẹ ọ̀sán Dókítà fi tutù.

"Ọdún kan!" ni Dókítà ké. "Bí wọn ò bá borí ju bí wọ́n ṣe pàdánù lọ, ó parí!"

Nígbà tí Màmá jáde, ó sọ fún akọ̀wé pé, "Ọkùnrin yìí lawọ́ o. Oṣù mẹ́fà ni mo rò pé yóò fún mi."

Láti ọjọ́ náà ló ti ń gbé ìkòkò ọbẹ̀ ẹ̀wà aláta lọ sí pápá. Dutch Ostrander, agbábọ́ọ̀lù wa kan tó tóbi bí àká, kì í fẹ́ sáré.

"Màmá, abọ́ mélòó ni fún ìyípo pápá kan?"

"O gbé e sódì. Ìyípo mélòó ni fún abọ́ kan, ni kí o béèrè."

Nígbà tí yìnyín fi bẹ̀rẹ̀, Dutch ti ń lé ehoro. Ẹgbẹ́ tó ti kú ń borí, ó ń pàdánù, ó tún ń borí, títí iye méjèèjì fi dọ́gba kí Brannock tó dé. Ọ̀mì kò lè gbà wọ́n là.

"Òpó tí èèyàn dì mú kì í ṣe òpó!" ni akọ́nimọ̀ọ́gbá Brannock ń kígbe lórí pápá lọ́jọ́ òpó náà.

"Bó bá ti dúró, òpó ni," ni rẹfirí dá a lóhùn. Ìnájà ti sú u.

Màmá Nedra kọjú sí àwọn tó di òpó mú. "Ẹni tó bá sín, mo mọ bàbá ẹ̀!"

Lumir gbá a. Bọ́ọ̀lù náà ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, ó kan òpó, ó rò ó wò, ó sì wọlé. Pápá hó! Àwọn tó di òpó mú nìkan ni kò lè fò, omijé àti ikun ń ṣàn lójú wọn. Dókítà Thorsen wà láàárín wọn, ó ti bọ́ kóòtù, ó gbé èjìká sí ìdí òpó.

"Màmá, ṣé ká wó o wàyí?"

"Ẹ wó o. Iṣẹ́ rẹ̀ ti parí."

Ẹgbẹ́ náà kò tú ká mọ́. Irun Lumir ti funfun nígbà tí dókítà ilé ìwòsàn sọ fún Màmá Nedra pé ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ló kù fún un láyé.

"Ẹ jẹ́ kó di ìparí eré ọdún yìí."

"Màmá, kì í ṣe ọwọ́ mi ló wà."

"Ẹ bá mi pe ẹni tó ni ọjà."

Wọ́n pe pásítọ̀. Kí ó tó jáde, Màmá ti yọ orin méjì kúrò nínú ètò ìsìnkú.

Ní Sátidé tó kẹ́yìn, Lumir gbé rédíò síbi ìrọ̀rí Màmá. A ti ń lé Brannock bọ̀ nígbà tí ojú Màmá pa dé, èémí rẹ̀ sì dákẹ́. Lumir kò pe nọ́ọ̀sì kíákíá. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó jẹ́ kí rédíò máa sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi fọn fèrè, tí ariwo ìlú wa kún inú yàrá.

"Màmá, a borí," ni ó wí, ó sì sọ iye ayò tí a fi borí fún un.

Ó wá dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń retí kí Màmá ní kò tíì tó.