Orin Tó Wà Lábẹ́ Wáàsí

Bí ẹ bá bi mí pé ọdún wo ni, n kò lè fi òǹkà pè é fún yín, nítorí n kò jókòó níwájú tíṣà rí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọdún tí wọ́n ri òpó iná sójú ọ̀nà wa ní Ìgàndò ni. Òpó nìkan ni wọ́n rì o, wọn kò ta wáyà sí i. Àwọn òpó náà dúró gbọọrọ bí àlejò tí ẹnikẹ́ni kò fún ní àga. Ọmọ tí mo pọ̀n lọ wò wọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n ń gbẹ́ ihò ti dàgbà tó ẹni tí à ń rán níṣẹ́ kí iná tó dé. Òkúta rédíò ni gbogbo wa fi ń gbọ́ ohun tí a bá fẹ́ gbọ́. Tí òkúta bá ti fẹ́ kú, a ó sá a sóòrùn bí ẹni sá èlùbọ́, yóò sì tún jí díẹ̀.

Ọdún náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn akọrin kan tí n kò mọ orúkọ rẹ̀, tí n kò mọ ìlú rẹ̀, tí n kò sì gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ orin rẹ̀ rí.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Baba àwọn ọmọ mi, iṣẹ́ bíríkìlà ni wọ́n ń ṣe, wọ́n sì ní rédíò kan tó ń lo kásẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n máa ń fi aṣọ bò bí ẹni bo ọmọ tuntun. Lọ́jọ́ Jímọ̀, tí wọ́n bá ti kírun dé, wọn á gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọn á sì fi wáàsí Ààfáà àdúgbò wa sí i. Ààfáà wa kì í fi nǹkan ṣòfò. Kò ra kásẹ́ẹ̀tì tuntun rí. Kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ yòówù tọ́wọ́ rẹ̀ bá bà, òun ló ń gba wáàsí sí, tí yóò sì fi ta ará mọ́sálásí lọ́rẹ. Èyí tó fún wa dá lórí ẹ̀tọ́ aládùúgbò. Wáàsí tó dára ni, n kò purọ́. A ti gbọ́ ọ débi pé tí Ààfáà bá fẹ́ wúkọ́, mo mọ ibi tí yóò ti wú u.

Ní Jímọ̀ kan, oorun gbé baba àwọn ọmọ mi lọ lórí àga. Ààfáà parí ọ̀rọ̀, ó sálámà. Kásẹ́ẹ̀tì wá ń hó ṣìì, bí òjò tó ń rọ̀ lọ́nà jíjìn. Mo ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ, mo ní kí n parí èyí tó wà lọ́wọ́ mi kí n tó lọ pa á. Àfi bí ohùn obìnrin kan ṣe yọ láti abẹ́ wáàsí náà, láìkí ẹnikẹ́ni, bí ẹni tó ti ń sọ̀rọ̀ tipẹ́:

*Mo gbé ẹsẹ̀ kan, mo gbé ìkejì,*
*Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí n kò fi padà;*
*Ẹ bá mi kílé, ẹ bá mi kí ọ̀nà,*
*Ẹ bá mi pa ilẹ̀kùn dé.*

Ó kọ ọ́, ó tún un kọ, àwọn kan sì ń gbè é lẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà, kásẹ́ẹ̀tì dé òpin, bọ́tìnnì ta sókè, kàn. Baba àwọn ọmọ mi ta jí, wọ́n ní, “Àbí wáàsí ti parí?” Mo ní ó ti parí. Ọwọ́ mi ṣì wà nínú ẹ̀wà.

Ìdí rẹ̀ nìyẹn. Ìdí wo? Ohun tó dà mí láàmú nìyẹn. Obìnrin yìí ti sọ ìdí tí kò fi padà, ó ti sọ ọ́ tán pátápátá, wáàsí sì ti bò ó mọ́lẹ̀. Bóyá ẹlòmíràn ìbá gbọ́ ọ kó gbàgbé. Ṣùgbọ́n èmi fúnra mi, wọ́n kàn ní kí n wá sí Èkó láti Ìwó ni, kí n wá bá ẹ̀gbọ́n mi gbé ọmọ títí ọmọ yóò fi rìn. Ọmọ náà rìn, ó sáré, ó ti ń gbé ọmọ tirẹ̀ báyìí, èmi sì rèé ní Ìgàndò. Tí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ló dé tí n kò padà, n kì í rí nǹkan kan pàtó tọ́ka sí. Mo wá rí ẹni tó ní ìdí, tó tún lè fi kọrin, n kò sì gbọ́ ọ.

Láti ọjọ́ náà ni ìyà olólùfẹ́ orin ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ mí. Kí n tó lè gbọ́ ìwọ̀nba orin yẹn, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ẹ̀tọ́ aládùúgbò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí baba àwọn ọmọ mi kì í jẹ́ kí a yí kásẹ́ẹ̀tì síwájú; wọ́n ní ó ń jẹ òkúta. Bí Ààfáà bá sì ti sálámà báyìí, ọwọ́ wọn ti wà lórí bọ́tìnnì. Mo di alárékérekè. Bí wáàsí bá ti ń lọ sópin, mo ti gbé omi ìwẹ̀ sí balùwẹ̀, mo ti bu ọṣẹ sí kàǹkàn, n ó sì ní omi náà ń tutù o. Nígbà míì yóò bọ́ sí i, wọn á lọ, n ó gbọ́ orin mi. Nígbà míì, wọ́n á ti lọ tán, aládùúgbò kan á wọlé wá kí wa, yóò sì sọ̀rọ̀ láti “mo gbé ẹsẹ̀ kan” títí dé “ilẹ̀kùn.” Aládùúgbò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀ tán! Bí òkúta bá sì ti ń kú, ohùn obìnrin náà á rọ̀ wálẹ̀, á nípọn, á di ohùn bàbá arúgbó tó ń gun òkè. Mo sì máa ń gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ náà.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Mo gbéra, mo lọ bá ẹlẹ́kásẹ́ẹ̀tì kan ní Ìkọ̀tún, tí ìsọ̀ rẹ̀ kún dé òrùlé. Ó bi mí ní orúkọ akọrin, mo ní n kò mọ̀ ọ́n. Ó bi mí bí orin náà ṣe bẹ̀rẹ̀, mo ní ohun tí mo wá béèrè gan-an nìyẹn. Ó ní ó dáa, kí n kọ ọ́. Mo rẹ ohùn sílẹ̀ kọ ọ́. Ó ní òun kò gbọ́, ọjà ń pariwo. Mo wá kọ ọ́ sókè, àwọn èèyàn sì dúró. Ìyá kan tó ń ta gààrí lódìkejì pàtẹ́wọ́ fún mi. Ẹlẹ́kásẹ́ẹ̀tì mi orí títí.

Ó ní, “Màmá, ohùn yín dáa o. Ṣùgbọ́n orin yín ò lórí.”

Ó wá fi gbogbo ẹnu búra pé ohun tí mo ń wá ló wà nínú kásẹ́ẹ̀tì kan tó nà sí mi. Mo gbé e délé, ọkùnrin kan ló ń ki àwọn olówó. Mo padà lọ bá a. Ó fún mi ní òmíràn, ọkùnrin náà tún ni, àwọn olówó míì ló ń kì.

A wà lórí èyí nígbà tí oṣù ààwẹ̀ sún mọ́lé. Ààfáà ránṣẹ́ pé kí gbogbo ẹni tí òun bá fún ní kásẹ́ẹ̀tì kó o wá, òun fẹ́ gba tàfúsírì, ìtumọ̀ Kùránì tí à ń ṣe lóṣù ààwẹ̀, sí i, ó sì máa gùn. Òun yóò lò ó tinú-tẹ̀yìn. Mo sáré lọ bá ẹlẹ́kásẹ́ẹ̀tì, ó ní nǹkan kékeré méjì kan wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì bí eyín ọmọdé, tí mo bá ti ṣẹ́ ẹ, rédíò kankan kò ní lè gba ohùn míì sí i mọ́. Mo délé, mo fi ọ̀bẹ ṣẹ́ ẹ. Inú mi dùn. Lọ́jọ́ kejì ni baba àwọn ọmọ mi yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ha, eyín rẹ̀ ti ká, wọ́n fa bébà ya, wọ́n ká a rúgúdú, wọ́n sì fi dí ihò náà. Wọ́n ní ó ti dára padà. Mo ní ẹ ṣeun.

Kí ló kù? Mo ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè gba wáàsí lé lórí ni orí mi. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti lọ síbi iṣẹ́ ni mo wá ń gbọ́ ọ, n kò wo ti òkúta mọ́, mo mọ ibi tó ti mí, mo mọ ibi tí àwọn tó ń gbè é ti pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó gbè. Òkúta kú pátápátá. Baba àwọn ọmọ mi ń ṣe kàyéfì. Wọ́n mú kásẹ́ẹ̀tì lọ. Nígbà tó padà dé, tàfúsírì kún un dẹ́nu. “Àsàlámù àlékùmù” ló bọ́ sí, bọ́tìnnì ta sókè, kàn. Mo tẹ́tí síbẹ̀síbẹ̀.

Láti ìgbà náà, ẹnu mi nìkan ni orin náà wà, ibikíbi tí mo bá sì wà ni mo ti ń kọ ọ́. Lọ́jọ́ kan mo ń fọ aṣọ létí kànga ẹ̀yìn ilé kéú, mo sì ti dé “ẹ bá mi pa ilẹ̀kùn dé” nígbà tí mo gbọ́ tí ẹnìkan sọ korobá kalẹ̀. Mo wẹ̀yìn. Ìyá Ilé-Kéú ni, ìyàwó Ààfáà fúnra wọn.

Wọ́n ní, “Níbo lo ti gbọ́ orin yẹn?”

Ẹ̀rù bà mí. Mo kúnlẹ̀ sínú ọṣẹ. Mo ní, “Ẹ má bínú, Ìyá. Inú wáàsí bàbá ni mo ti gbọ́ ọ.”

Wọ́n wò mí. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, wọ́n rín in títí wọ́n fi jókòó sí etí kànga, tí wọ́n ń fi ìborùn nu ojú. Nígbà tó ṣe, wọ́n bojú wẹ̀yìn, kò sí ẹnikẹ́ni, wọ́n sì rọra gbé e, pẹ̀lú ohùn tí n kò mọ̀ pé wọ́n ní:

*Ìyá mi gbọ́bẹ̀ kaná, ó ní n lọ ra iyọ̀ wá,*
*Mo ní kó má sọ̀ ọ́, n ó dé kó tó hó;*
*Mo gba ẹ̀yìnkùlé, mo gba ọ̀nà odò…*

Wọ́n dákẹ́. Mo ní, “Ó kù o, Ìyá.”

Wọ́n ní, “Ibi tí mo mọ̀ ọ́n dé nìyẹn.”

Kásẹ́ẹ̀tì tiwọn ni. Inú ẹrù ìyàwó ni wọ́n ti gbé e wá. Wọ́n máa ń rọra fi í sí i lálẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ìgbà kan tí wọ́n á gbọ́ ọ jìnnà kí ẹnìkan tó wá kan ilẹ̀kùn pé òun ń wá Ààfáà, wọ́n á sì pa á kíá. Ààfáà kò bínú sí orin náà o. Kásẹ́ẹ̀tì ló wá lọ́jọ́ kan, ó rí kásẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n sì tó ti ọjà Ẹgbẹ́dá dé, ẹ̀tọ́ aládùúgbò ti wọlé. Wọ́n ní àwọn kò bá a jà. Wọ́n kàn bi í léèrè bóyá ó gbọ́ bí orin náà ṣe parí. Ó ní orin wo?

Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Wọ́n ní orí, mo ní ìrù, ṣùgbọ́n àárín, níbi tí ìdí wà gan-an, kò sí lọ́wọ́ ẹnì kankan nínú wa. Ọ̀rẹ́ wa bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Bí a bá ti pàdé ní kànga, ìbéèrè kan náà ni: kí ni ọmọ tí wọ́n rán ní iyọ̀ rí lọ́nà odò? Ìyá Ilé-Kéú ní ọkọ ló rí. Mo ní kò sí ọkọ tí obìnrin lè torí ẹ̀ fi irú ohùn yẹn kọrin. Wọ́n ní èmi ni kò tíì rí ọkọ gidi, àbí? A rẹ́rìn-ín. Mo ní ọkọ̀ ló rí, ọkọ̀ tó ń lọ sí ibi tí kò dé rí. Ní ọjọ́ kan tí inú wọn kò dùn, wọ́n rò ó títí, wọ́n ní bóyá kò rí nǹkan kan. Wọ́n ní bóyá ó dé ìsọ̀ àkọ́kọ́, kò sí iyọ̀. Ó ní kí òun wo èkejì, kò sí. Ó sì ń wo iwájú bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi délé. Mo fi ṣe oúnjẹ, mo fi sùn.

Ìyá Ilé-Kéú ti jáde láyé, kí Ọlọ́run fi Àlùjánńà kẹ́ wọn. Iná ti dé Ìgàndò, ó ń wá, ó ń lọ. Ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi kọ èyí ní kí n kọ orin náà sí fóònù létí, fóònù yóò mọ ẹni tó ni í. Mo kọ ọ́. Fóònù ní òun kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Kò kúkú búra bí ẹlẹ́kásẹ́ẹ̀tì Ìkọ̀tún.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bi mí ní ìbéèrè tó yè kooro ni ọmọbìnrin mi kejì, nígbà tó ṣì kéré. Mo ń dáná, mo ń kọ orí àti ìrù orin náà, ó sì jókòó tì mí. Ó ní, “Màámi, ọbẹ̀ yẹn ńkọ́? Ṣé ìyá yẹn jẹ ẹ́ láìníyọ̀ ni?”

Èmi àti Ìyá Ilé-Kéú, àgbà obìnrin méjì, láti òjò dé ẹ̀ẹ̀rùn létí kànga, ọ̀nà odò ni a ń tẹ̀lé ọmọ yẹn lọ. Kò sí èyí tó wẹ̀yìn wo ìyá tó jókòó ti ìkòkò, tó ń ṣí ọmọrí, tó ń dé e. Nígbà tí mo lọ sí Ìwó lẹ́yìn ìyẹn, mo gbé iyọ̀ lọ́wọ́, iyọ̀ púpọ̀. Ìyá mi wò ó, wọ́n wò mí, wọ́n ní ṣé wọ́n gbọ́ ní Èkó pé iyọ̀ tán ní Ìwó ni? Wọ́n ṣáà bù ú sí ọbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, a sì jẹ ẹ́.

Nígbà tí àwọn ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nílé lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ẹnìkan gba Abẹ́òkúta lọ, tí òmíràn gba ọ̀nà tó jìn ju ìyẹn lọ, n kò sọ fún ẹnì kankan nínú wọn pé kó tètè padà, nítorí ta ni èmi láti sọ ọ́? Ohun tí mo sọ fún wọn ni pé bí mo bá rán yín ní iyọ̀, tí ẹ wá rí nǹkan lọ́nà odò tí kò jẹ́ kí ẹ lè padà, ẹ máa bá a lọ, n ó bá yín pa ilẹ̀kùn dé. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi iyọ̀ náà rán ẹni tó ń bọ̀ wálé.