Ẹni Tó Kù Lórí Ìlà

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin kì í dárúkọ agbábọ́ọ̀lù kankan láìkọ́kọ́ jẹ orógbó. Bàbá ni mò ń pè é. Òun ni akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa ní Ṣakí, tó ń sanwó oṣù fáwọn agbábọ́ọ̀lù, èmi sì ni aṣọ́lé ẹgbẹ́ náà. Lọ́dọọdún, àwa àti ẹgbẹ́ kan láti Ìsẹ́yìn máa ń to àwọn ọ̀dọ́ sórí pápá, a ó sì máa fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan mú àwọn tó máa bá wa gbá bọ́ọ̀lù, bí a bá mú ọ̀kan, àwọn náà á mú ọ̀kan. Kó tó dọjọ́ náà, bàbá á ti fi èédú kọ orúkọ wọn sára ògiri, á ní ká fi dánra wò, kí n máa mú fún Ìsẹ́yìn, kí òun máa mú fún wa.

Lọ́dún kan, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wọlé bá wa nídìí ìdánrawò náà, ó wo ògiri títí.

"Bàbá, ẹ ò kọ orúkọ tèmi."

"Bọ́ọ̀lù kì í mọ ọmọ ẹni. Ẹsẹ̀ rẹ ò yá nílẹ̀."

Ọmọ náà gbé ọmọ odó lẹ́nu ọ̀nà, ó là á mọ́ bàbá lójú. Bàbá ṣubú lu ògiri, ẹ̀jẹ̀ bo àwọn orúkọ náà. Nígbà tí mo so mọ́ ọmọ náà lọ́rùn kó má baà tún là á mọ́ ọn, ó ṣẹ́ mi níka méjì.

Lọ́jọ́ tí a mú àwọn ọ̀dọ́ lórí pápá, ojú kan ṣoṣo ni bàbá fi ń ríran. Ọmọ rẹ̀ náà wá tò mọ́ wọn. Nígbà tí a mú àwọn yòókù tán, ó ku òun nìkan lórí ìlà, àwa ló sì kàn láti mú. Àwọn àgbà bẹ̀ ẹ́ pé kó mú un, kí ìjà tán.

"Ọwọ́ rẹ̀ yá," ni bàbá wí. "Ẹsẹ̀ ni mò ń wá."

A fi ọmọ náà sílẹ̀ lórí pápá. Bàbá di apá mi mú títí dé ilé.