Òpó Kúkúrú ti Ìsọ̀ Tudu

Ẹni tó bá fẹ́ dárí ji ẹ̀gbọ́n mi, kó dárí jì í. Èmi ò tíì ṣe tán. Àwọn kan nínú ẹbí ní ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́, pé kí n gbàgbé. Ẹni tó ṣu ló máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé, ìyá mi ló sì kó o.

Ohun èlò ìdáná ni bàbá mi ń tà ní Accra: kúlà, bókẹ́ẹ̀tì, ìkòkò, abọ́ oníke. Ìsọ̀ méjì ló ní. Èyí ńlá wà ní Kokomlemle, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọmọ ìyáálé, ló ń bójú tó o. Èyí kékeré wà ní Tudu, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ọkọ̀ ti ń gbérò. Ìyá mi, ìyàwó kejì, ló jókòó síbẹ̀, débi pé Ìyá Tudu ni gbogbo ilé ń pè é.

Ìsọ̀ Tudu kò lè gba ọjà. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni ìyá mi fi kọ́ sára ògiri fún àpẹẹrẹ. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ń ti Aflao àti Lomé wá, bí wọ́n bá sì ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń yà sí. Wọ́n á gbé ẹrù sílẹ̀, wọ́n á mu omi, ẹni tó fẹ́ kírun á kírun lórí ẹní rẹ̀. Tí wọ́n bá ti yan èyí tó wù wọ́n tán, á ní kí wọ́n lọ gbé e ní Kokomlemle. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sanwó, ibẹ̀ náà ni ẹ̀rọ ti ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ra áàpù kan fún bàbá, irú èyí tí ọlọ́jà fúnra rẹ̀ lè máa bi léèrè ọ̀rọ̀ láìpe oníkọ̀ǹpútà. Tó bá ti fọwọ́ kan orúkọ ìsọ̀, òpó aláwọ̀ á yọ lójú tábílẹ́ẹ̀tì. Ìsọ̀ tó bá tajà jù ni òpó rẹ̀ ń ga jù. Inú bàbá dùn sí i bí inú ọmọdé. Èmi mọ irú áàpù bẹ́ẹ̀ dáadáa, torí iṣẹ́ mi nìyẹn ní ilé iṣẹ́ adójútòfò kan: èmi ni mò ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, ẹ̀gbọ́n mi pe gbogbo ilé jọ sí pálọ̀, ó gbé tábílẹ́ẹ̀tì sókè. Òpó Kokomlemle fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òkè. Ti Tudu kò ga ju èékánná lọ.

"Ẹ wò ó, Bàbá," ló wí. "Ìyá Tudu kàn ń jókòó síbẹ̀ ni. À ń sanwó ìsọ̀ kí wọ́n lè ríbi tẹ́ ẹní sí."

Ìyáálé rẹ́rìn-ín. Ìyá mi wolẹ̀.

"Bùọ̀dá," mo ní, "ibi tí ọjà ti jáde ni áàpù yẹn ń kà. Kò ka ẹni tó mú oníbàárà wá."

"Áàpù kì í ṣègbè," ló dá mi lóhùn. "Ìwọ lò ń ṣègbè."

Bàbá ní kí n dákẹ́, pé àgbà ń sọ̀rọ̀. Lóṣù yẹn náà ni wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ Tudu lọ́wọ́ ìyá mi, tí bàbá sì ti ìsọ̀ náà pa. Ó ká ẹní rẹ̀. Èmi búra nínú ara mi pé ẹ̀gbọ́n mi yóò jẹ iyán rẹ̀ níṣu.

Mo bá ìyá mi gba ṣọ́ọ̀bù sétí títì ní Lapaz, ní Accra kan náà, lórúkọ ara rẹ̀. Àwọn tó ń kó kúlà wọ̀lú mọ̀ ọ́n, wọ́n gbé ọjà fún un. Fóònù rẹ̀ kò sinmi. Maame Alata, ìyá Yorùbá, ni àwọn oníbàárà ń pè é: "Maame Alata, a ò rí yín ní Tudu, ibo lẹ wà?" Wọ́n ń wọ ọkọ̀ tròtrò láti Tudu wá bá a. Ọ̀nà jìn, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kún un, síbẹ̀ wọ́n ń wá. Gbogbo ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ ni mò ń yọ̀ sí, kì í sì í ṣe nítorí ọjà nìkan.

Ní Kokomlemle, òpó bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Bí mo bá lọ kí bàbá, á fi hàn mí, á sì mi orí. Ẹ̀gbọ́n mi bi áàpù ní oríṣiríṣi ìbéèrè: ṣé àwọ̀ kúlà ni, àbí òjò, àbí àwọn òṣìṣẹ́ ló ń jalè? Ó tilẹ̀ lé òṣìṣẹ́ kan lọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ, ṣùgbọ́n èèyàn ò lè bi áàpù léèrè ohun tí kò sí lọ́kàn rẹ̀. Mo mọ ìbéèrè tó yẹ kó bi. Mo jókòó tì í, mò ń mu tíì mi, n kò sọ fún un.

Nígbà tó yá, bàbá tún pe gbogbo ilé jọ. Ó gba tábílẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, ó gbé e fún mi.

"Ìwọ tí o ń fi í ṣiṣẹ́ oṣù, bá mi bi í kó sọ ohun tó ń ṣe wá."

Mo ti ń retí ọjọ́ náà. Ní Kokomlemle, wọ́n máa ń gba nọ́ńbà fóònù gbogbo ẹni tó bá rajà sínú áàpù, kí wọ́n lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ kí wọn nígbà ọdún. Èmi sì ti kó àwọn nọ́ńbà inú fóònù ìyá mi sínú tèmi. Mo dá áàpù padà sí ìgbà tí Tudu ṣì wà. Òpó Kokomlemle ga gan-an. Mo kó àwọn nọ́ńbà ìyá mi sí i, mo tẹ ibi tí mo máa ń pè ní asẹ́, mo ní kó yọ àwọn tó ni nọ́ńbà wọ̀nyẹn kúrò. Òpó náà wó lulẹ̀, ó ku kùkùté. Mo dá wọn padà, ó ga. Mo tún yọ wọ́n, ó wó. N kò kánjú rárá. Mo ṣe é títí ojú ẹ̀gbọ́n mi fi pọ́n, inú mi sì dùn ṣìnkìn.

"Ṣé o ti mọ èyí kí n tó ti Tudu?" ni bàbá bi mí.

"Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá. Mo sọ ọ́. Ẹ ní kí n dákẹ́."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n mi wá sí Lapaz. Ó dọ̀bálẹ̀ sáàárín àwọn bókẹ́ẹ̀tì. Mo wo ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀ nínú eruku, ó dùn mọ́ mi.

"Dìde, ọmọ mi," ni ìyá mi wí. "Ṣé o ti jẹun?"

Ó ní kí wọ́n ra waakye fún un! Orí mi fẹ́ dàrú. Nígbà tó jẹun tán, ó ní bàbá ní kí ìyá mi padà sí Tudu. Ìyá mi ní kó bá òun kí bàbá, òun ò padà. Ni ọkùnrin yìí bá nu ẹnu.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Tudu," ló wí. Ó gba Tudu lọ́wọ́ obìnrin yìí tán, ó tún ń fi pè é! "Nọ́ńbà àwọn oníbàárà yín wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n wọn ò dá mi lóhùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún wọn pé ọmọ yín ni mí."

"Sọ fún wọn," ni ìyá mi wí.

Bó ṣe lọ tán ni mo fariga. "Màámi, wọ́n gba ìsọ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ tún fi orúkọ yín kún un fún wọn!"

"Pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo," ló fi dá mi lóhùn, ó sì ń to kúlà rẹ̀ lọ.

Kò pẹ́ lọ́sẹ̀ náà tí oníbàárà kan fi pè láti Aflao. Ọwọ́ ìyá mi dí, ó ní kí n gbé fóònù sí gbangba kí òun lè máa gbọ́ ọ. Obìnrin náà ń sọ Twi. Ó ní ọkùnrin kan pe òun, pé ọmọ Maame Alata lòun, kí òun wá rajà ní Kokomlemle. Ṣé lóòótọ́ ni? Ṣé ọmọ yín ni, kí òun lọ bá a?

Ìyá mi nu ọwọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ tó sọ yìí lẹ́nu rẹ̀ rí.

"Rárá," ló dá a lóhùn ní Twi. "Ọmọ ọkọ mi ni."

Ó wá bi í pé kúlà aláwọ̀ wo ni kí òun dì sílẹ̀ dè é.