Mélòó Nínú Mélòó?

Nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọdé ní Monrovia yìí, ìbéèrè kan náà ni gbogbo ilé Yorùbá tó wà ní Vai Town máa ń bi ọmọ tó bá ti ilé ìwé dé: “Mélòó lo gbà?” Ẹ gbọ́ mi dáadáa, ẹ̀yin ọmọ. Mélòó lo gbà ni wọ́n ń bèèrè o. Kò sẹ́ni tó ń bèèrè pé nínú mélòó. Bí ẹ bá rí i tí mo ń le mọ́ yín lórí ìṣirò, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ bàbá mi ni kó máa báni gba ẹrù jáde ní Freeport, èbúté ọkọ̀ òkun wa níbí. Iṣẹ́ pasẹ́ǹtì niṣẹ́ náà látòkè délẹ̀. Bí ọjà bá tó báyìí, owó ibodè tó wà lórí rẹ̀ jẹ́ ìdá báyìí nínú ọgọ́rùn-ún; kí àwọn yòókù tó wá bírò, bàbá mi ti sọ ọ́ jáde lẹ́nu. Ọkùnrin yìí mọ̀ ọ́n, ẹ fi sọ́kàn.

Lọ́dún tí mo fẹ́ parí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ránṣẹ́ láti Ìbàdàn pé òun máa mú ọmọ kan nínú àwa méjèèjì, èmi àti àbúrò mi ọkùnrin, òun á fi sí girama, òun á sì tọ́ ọ dé ibi tí agbára òun bá mọ. Ọmọ kan ṣoṣo. Kíláàsì kan náà la wà, àmọ́ ilé ìwé wa yàtọ̀. Bàbá mi ní ẹni tí máàkì rẹ̀ bá pọ̀ jù ló máa lọ. Háà, inú mi dùn! Dókítà ni mo fẹ́ ṣe. Àbúrò mi gan-an ti ń bẹ̀ mí pé kí n má gbàgbé òun tí mo bá débẹ̀.

Ilé ìwé tèmi wà ní Old Road, inú ọgọ́ta ni wọ́n ti ń máàkì ìdánwò wọn. Ti àbúrò mi wà nítòsí ilé, àádọ́rùn-ún ni tiwọn. Mo gba márùndínláàádọ́ta, òun gba mẹ́rìnléláàádọ́ta. Bàbá mi ti ibi iṣẹ́ dé, kò tíì bọ́ bàtà tó fi bi wá pé mélòó la gbà. A sọ ọ́. Ó pàtẹ́wọ́, ó ní, “Ọkùnrin ló mókè!”

Mo ní, “Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́ sà, nínú ọgọ́ta ni tèmi...” Ìyá mi ti ń ṣẹ́jú sí mi. Bàbá ní, “Ṣé ìwọ lo fẹ́ já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu?”

Lọ́jọ́ Ìsinmi, bàbá mi kó gbogbo wa lọ síwájú ìjọ láti dúpẹ́ pé Ọlọ́run gbé ọmọ òun ọkùnrin ga. Wọ́n kọrin, wọ́n jó. Èmi náà jó, ojú mi sì ń ṣomi.

Olùkọ́ mi, obìnrin ará Liberia, gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fi mí sẹ́nu iṣẹ́ aránṣọ, ó bá wá sílé wa. Ó pe bàbá mi ní “Olmáàn”, bí wọ́n ṣe ń pe àgbà níbí. Ó ní, “Ọmọ yín yìí ló mọ̀wé jù ní kíláàsì mi o. Ẹ ṣírò ó sí pasẹ́ǹtì, ẹ máa rí i.”

Bàbá mi sì ṣírò ó. Ó ní tí a bá pín ọgọ́ta sí ọ̀nà mẹ́rin, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Márùndínláàádọ́ta jẹ́ mẹ́ta nínú ẹ̀. Mẹ́ta nínú mẹ́rin, ìyẹn márùndínlọ́gọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Ó yí sí ti àbúrò mi: àádọ́rùn-ún sí ọ̀nà mẹ́wàá, mẹ́sàn-án-mẹ́sàn-án; mẹ́rìnléláàádọ́ta jẹ́ mẹ́fà nínú ẹ̀. Ọgọ́ta péré nínú ọgọ́rùn-ún. Àbúrò mi fò sókè, ó ní, “Àǹtí mi ló ń lọ!” Èmi ti ń rẹ́rìn-ín.

Bàbá mi ní, “Tíṣà, òótọ́ lẹ sọ. Àmọ́ ẹyin lọ̀rọ̀. Mo ti dúpẹ́ lórí ti ọkùnrin. Ọpẹ́ tí a ti mú lọ síwájú Ọlọ́run, ṣé a tún ń lọ gbà á padà ni? Ojú wo ni mo fẹ́ fi wo ìjọ?”

Ìyá mi kúnlẹ̀. “Bàbá wọn, ẹ dákun. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé Ifẹ̀.” Bàbá ní ọ̀rọ̀ ti parí.

Ká ní kò mọ̀ ọ́n ṣírò ni, ǹ bá ti dárí jì í. Àìmọ̀kan kò lẹ́jọ́. Àmọ́ ó mọ̀ ọ́n! Nítorí kí wọ́n má baà fi ojú ẹni tó ṣàṣìṣe wò ó ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó jẹ́ kí ayé mi dojú rú.

Àbúrò mi lọ, ó ṣorí ire. Mi ò bá a jà, ọmọdé lòun náà. Èmi ń tẹ máṣìnnì. Nígbà ogun abẹ́lé níbí, àwọn dókítà tó bá àwọn sójà Nàìjíríà wá máa ń kó kóòtù funfun wọn wá fún mi kí n bá wọn fi bọ́tìnnì sí i. Mo máa ń fi í, mo sì máa ń dá a padà fún wọn.

Lóde òní, fóònù ti ń bá yín ṣírò. Ọmọbìnrin ń lọ síbi tó bá wù ú. Láìpẹ́ yìí, ọmọ ọmọ mi obìnrin sọ fún bàbá rẹ̀ lójú mi pé bàbá náà ṣi ìṣirò kan ṣe. Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ó dáa, jẹ́ ká tún un wò.” Mo dìde, mo wọ yàrá lọ sunkún. Ẹ ní ayé ti dára sí i. Mo gbà. Àmọ́ ta ló sọ fún ayé pé kó dúró dìgbà tí mo bá darúgbó kó tó dára?