Dókítà Tó Ń Súfèé

Bí mo bá gbọ́ tí ẹnìkan súfèé ní Ìgàndó, dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ fún màmá mi ni mo máa ń rántí. Wọ́n ti gé kókó abẹ́ etí màmá lẹ́ẹ̀mejì níbòmíràn, ó tún hù. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ó ti lẹ̀ mọ́ iṣan tó ń darí ojú. Bí ọ̀bẹ bá gé iṣan yẹn, ẹnu màmá á wọ́, wọn ò sì ní lè pajú dé mọ́.

Kí dókítà lè mọ̀ bóyá iṣan náà ṣì ń ṣiṣẹ́, á ní kí màmá súfèé nígbàkígbà tá a bá lọ rí i ṣáájú iṣẹ́ abẹ.

"Èmi àgbàlagbà? Ṣé ọmọ ìta ni mí ni?"

"Ẹ má bínú, màmá. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣe é."

Òun ló máa kọ́kọ́ súfèé, kò sì mọ̀ ọ́n ṣe rárá. Màmá á rẹ́rìn-ín, wọ́n á gbìyànjú.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó jókòó tì wọ́n. "Màmá, mi ò gé kókó náà tán o. Ó ku bíńtín lára iṣan. Mo lè gé e, àmọ́ ẹ̀rín yín lè bá a lọ. Ẹ máa wá, ká jọ máa ṣọ́ ọ."

Màmá mirí pé àwọn gbọ́, wọ́n pajú méjèèjì dé, wọ́n sùn. Ojú ń tì mí láti dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tá a délé, èmi ni mò ń sọ fún gbogbo ará ilé pé dókítà wa mọ ibi tó yẹ kí ọ̀bẹ dúró.